Obìnrin Tó Ń Jókòó Sínú Mọ́tò

Ohun tó kọ́kọ́ kúrò ní etí ọkọ mi ni àwọn ohùn tín-ín-rín. Ohùn ńlá kò tètè lọ. Bí ènìyàn bá gbá ìlẹ̀kùn, á gbọ́. Bí ọmọ bá pè é láti ẹ̀yìn, kò ní dáhùn. Ìgbéraga ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ létí díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ igi àjà tí ẹni tó sùn sábẹ́ rẹ̀ kò mọ̀.

Rédíò àti sípíkà ló ń fi sínú mọ́tò, ní Ọ̀yọ́, lápá Òwòdé. Iṣẹ́ wáyà mọ́tò ló kọ́kọ́ kọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ kí mọ́tò wọn máa dún láti inú ikùn, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń de wúfà, sípíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, mọ́ inú búùtù, àti bí wọ́n ṣe ń so áńpù mọ́ bátìrì. Áńpù ni àpótí irin pẹrẹsẹ tó ń fún wúfà lágbára. Láìsí i, wúfà kàn jókòó ni. Láti tún áńpù ṣe, ọkọ mi á ki orí bọ inú búùtù, wúfà á sì máa gbá a ní àyà àti ní àgbárí. Bó ṣe ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò fi nǹkan kan di etí rí.

Inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pè é ní "ó". Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, "ẹ" ni, títí di òní.

Èmi ń ta òwú, bọ́tìnì, síìpù àti rọ́bà ìdí síkẹ́ẹ̀tì ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mi ò lè lọ síwájú, mo sì fẹ́ ẹ. Mi ò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú mọ́tò, àfi kí n gbé oúnjẹ fún un, kí n sì bá a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ oníbàárà bí kò bá sí níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tó jẹ́ olùkọ́ gbé mọ́tò rẹ̀ wá. Ibòmíràn ni wọ́n ti bá a de áńpù náà.

Ó ní, "Ọ̀gá, mọ́tò mi ń sunkún o. Bí mo bá ti ń sá eré, á máa ké wíììì lábẹ́ orin."

Ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò náà, ó ṣíná sí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó gbé ọrùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Níbo? Èmi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ariwo ọmọ ilé ìwé ló wà létí yín. Ẹ lọ sinmi."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò lọ. Èmi tí mo jókòó lórí àpótí mi, tí òpópónà sì ń hó, mo gbọ́ igbe náà kedere. Bí wọ́n bá tẹ mọ́tò, á gòkè. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀ lójú oníbàárà. Mo bu omi sínú ife, mo gbé e lọ fún ọkọ mi, mo sì súnmọ́ ọn.

Mo ní, "Ó ń ké lóòótọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ń gòkè pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín."

Ó wò mí. Ó mu omi náà tán. Lẹ́yìn náà, ó tú kápẹ́ẹ̀tì mọ́tò, ó sì bá a níbẹ̀: wáyà pupa tó ń gbé iná láti bátìrì, àti wáyà tó ń gbé ohùn láti rédíò, ẹni tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ti dì wọ́n pọ̀ bí ìdì ìgbálẹ̀. Iná ń da ohùn láàmú. Ọkọ mi yà wọ́n, ó gbé ọ̀kan gba apá òsì, ó gbé èkejì gba apá ọ̀tún. Ó tún tẹ mọ́tò. Kò wo rédíò. Èmi ló wò. Mo mi orí pé igbe náà ti lọ.

Ó sọ fún olùkọ́ pé, "Mo ti bá ẹni tó ń sunkún sọ̀rọ̀. Ó ti dákẹ́."

Olùkọ́ yìn ín. "Etí yín, ọ̀gá! Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni."

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. A kò jókòó sọ ọ́. Ọkọ mi kò ní, "Etí mi ti ń lọ." Èmi náà kò bi í. Nígbà tí mọ́tò míràn dé ní ọjọ́ kejì, ó kàn ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ó wò mí, mo sì dìde, mo wọlé, mo jókòó.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Èmi á jókòó sí ẹ̀yìn, màá na ọwọ́ ọ̀tún mi gba ojú fèrèsé jáde. Òun á wà nídìí búùtù, á máa yí áńpù, á sì máa yọjú wo ọwọ́ mi. Bí mo bá na ìka kan sókè, kó fi kún un. Bí mo bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, kó dín in kù. Bí mo bá di ẹ̀ṣẹ́, kó dúró, ó ti tó.

Áńpù ní ibì kan tí à ń fi irinṣẹ́ ẹlẹ́nu pẹlẹbẹ yí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ibi tí wọ́n ti ń mú ariwo pọ̀ ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la ti ń mú agbára áńpù bá ti rédíò dọ́gba. Èèyàn á kọ́kọ́ gbé rédíò sókè dé ibi tí kò tíì máa dàrú, á fi í sílẹ̀ níbẹ̀, á wá máa ṣí áńpù díẹ̀díẹ̀. Wúfà á máa jinlẹ̀, á máa jinlẹ̀, títí yóò fi kan ibì kan tí ìparí ohùn rẹ̀ yóò máa ya bí aṣọ. Ibi tó ti ya yẹn ni kí a padà sẹ́yìn níbẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ yíya náà á máa ṣí i lọ, wúfà á sì jóná kó tó pẹ́. Ibì kejì tún wà tó ń sé ohùn ènìyàn mọ́ ìta, kí ohùn ìsàlẹ̀, tí wọ́n ń pè ní bass, nìkan lè wọ inú wúfà. Bí ó bá ṣí jù, ẹni tó ń kọrin tàbí tó ń ṣe wáàsí á dà bí ẹni tí wọ́n tì mọ́ inú búùtù. Bí ó bá sé jù, mọ́tò á kàn máa kùn bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Ó ní ibi tó yẹ kó wà, mo sì mọ ibẹ̀. Mi ò lè ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Bí mo ṣe ń mọ̀ pé síìpù kan kò ní pẹ́ já náà ni.

Àwọn oníbàárà a máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Ìyàwó ọ̀gá fẹ́ràn fàájì o! Kò sí mọ́tò tí wọn kò jókòó sí." Ọkọ mi á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ẹ jẹ́ kó gbádùn ara rẹ̀." Wọ́n ń wá láti Ìsẹ́yìn, wọ́n ń wá láti Ogbómọ̀ṣọ́, nítorí wọ́n gbọ́ pé ọkùnrin kan wà ní Ọ̀yọ́ tí etí rẹ̀ mú. Èmi á máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yin etí rẹ̀ ní ojú fèrèsé tí mo na ọwọ́ gbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó dùn mọ́ mi nínú bí ohun ìkọ̀kọ̀ tí tọkọtaya jọ ní. Kò pẹ́ tí kò fi dùn mọ́.

Àbúrò ọkọ mi tó kéré jù lọ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wọn ní ìletò kan lápá Ìrẹsà ló ti wá, ó sì mọ Ogbómọ̀ṣọ́ bí ẹní mowó. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé wọn gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ọmọdé tí kò tíì lè so okùn bàtà ni. Lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ nìyí o." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rí nílẹ̀ wa nìyẹn: ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọlé, ọkọ ìyàwó ni, kò sì gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọkọ Kékeré ni mo sọ ọ́. Mo wẹ̀ ẹ́, mo nu imú fún un, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i.

Ọwọ́ rẹ̀ yá. Kò sí wáyà tí kò lè tọ́ gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ó hàn. Ṣùgbọ́n ọkọ mi kò lè kọ́ ọ ní gbígbọ́, èmi ni mo kọ́ ọ. "Ẹ" ni mo fi ń kọ́ ọ, òun ń fi "ìwọ" dá mi lóhùn.

"Ẹ yí i sẹ́yìn díẹ̀, Ọkọ Kékeré."

"Ṣebí ó ń dún?"

"Ó ń dún. Ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀. Ó ń ya bí ìgbà tí wọ́n ń fa aṣọ ya."

"Ìyàwó wa, o fẹ́ràn wàhálà. Ẹni tó ni mọ́tò fẹ́ kí ilẹ̀ mì, ìwọ ń wá aṣọ tó ya kiri."

"Ẹ ṣáà yí i sẹ́yìn, sà."

"Ó dáa, ó dáa, Ìyá Elétí. Mo ti yí i. Kí n tún wá abẹ́rẹ́ ká rán an?"

Mi ò lè ṣàì rẹ́rìn-ín. Ọmọ dáadáa ni. Ó yẹ kí n kọ ìyẹn pẹ̀lú, nítorí ó rọrùn láti kọ ọ́ bíi pé olè ni. Kì í ṣe olè. Kò ní sùúrù láti gbọ́ nǹkan ni.

Iṣẹ́ pọ̀ sí i. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù kejì, ní Ogbómọ̀ṣọ́, ní Under G, níbi tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé. Àwọn kan nínú wọn ní mọ́tò, wọ́n sì fẹ́ kí ohùn mọ́tò wọn dé kí àwọn tó dé. Ó sọ fún mi nígbà tí à ń jẹun ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnu rẹ̀ kún fún ẹ̀bà, "Tìrẹ ni ìyẹn máa jẹ́. Àbúrò mi á máa fi ọwọ́ so ó, ìwọ ni ọ̀gá. Orúkọ rẹ ló máa wà lára pátákó."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ.

Èmi ni mo lọ wá ibẹ̀. Mo ń wọ mọ́tò láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, màá sọ̀ kalẹ̀, màá rìn yí ká Under G láàárín àwọn tó ń ta indomí àti àwọn tó ń tẹ̀wé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo rí yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ onígbàjámọ̀. Iwájú rẹ̀ fẹ̀ tó kí mọ́tò méjì dúró. Mo gbá a, mo fọ ògiri rẹ̀, mo ní kí káfíńtà bá mi kan pákó tí a ó máa tẹ́ àwọn áńpù sí. Mo dúró láàárín yàrá tó ṣófo náà, mo pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, mo gbọ́ bí ohùn ṣe ń padà.

Kì í ṣe ọ̀gá ni mo ń fẹ́ jẹ. Ohun tí mo fẹ́ kéré. Mo fẹ́ dìde kúrò nínú mọ́tò, kí n sọ fún ẹni tó ni ín láti ẹnu ara mi pé, "Ó ti dáa báyìí," kí ó sì mọ̀ pé èmi ni mo gbọ́ ọ. Ìyẹn nìkan.

A kò tíì sọ fún ẹbí pé orúkọ mi ni yóò wà lára pátákó; ẹni tó ń kọ ọ́ ló tú àṣírí náà. Ó pe Ọkọ Kékeré láti béèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ mi. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pè wá sí agbo ilé ọkọ mi nínú ìlú Ọ̀yọ́, pé ẹbí fẹ́ rí wa.

Wọ́n ṣe fátíhà. Àbúrò bàbá wọn, tó jẹ́ àgbà ilé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Àgbà onísùúrù ni, ohùn rẹ̀ kò sì ga.

"A gbọ́ pé ṣọ́ọ̀bù kan ń bọ̀ ní Ogbómọ̀ṣọ́. Ọlọ́run á fi ìbùkún sí i."

"Àmín."

"A tún gbọ́ pé orúkọ ìyàwó ni wọ́n fẹ́ kọ sí i lára." Ó yíjú sí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. "Ìyàwó, má bínú o, ìbéèrè lásán ni. Ìwọ àti ọkọ rẹ kékeré yìí, ta ló kọ́kọ́ mọ ilé yìí?"

"Àwọn ni, sà."

"Ta ló ń so wáyà?"

"Àwọn ni, sà."

"Kí wá ni iṣẹ́ tìrẹ níbẹ̀?"

Mi ò tíì la ẹnu tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fi dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ó ń jókòó sínú mọ́tò ni!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ilé ni, kò ní oró nínú. Àgbà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ pa ẹ̀rín wọn.

Mo lè sọ ọ́ nígbà náà. Gbólóhùn kan ni. Ṣùgbọ́n gbólóhùn náà kò ṣeé sọ láìsọ pé ọkọ mi kò gbọ́ràn mọ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wọn. Wọ́n mọ̀ pé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n rò pé ọgbọ́n ni. Mo wò ó. Ó jókòó sórí àga, ó dojú kọ àgbà ilé, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún.

Àgbà bi í pé, "Ìwọ ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Ṣé kí àbúrò rẹ gba ṣọ́ọ̀bù náà, kí orúkọ ilé yìí wà lára rẹ̀? Ṣé o fara mọ́ ọn?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo mọ mímì orí yẹn. Bó ṣe ń mi orí fún gbogbo oníbàárà tí kò gbọ́ ohun tó sọ nìyẹn, ẹ̀rín ṣáájú, mímì orí tẹ̀lé e, lẹ́ẹ̀mejì. Mo ti bá a bo ó mọ́lẹ̀ tó ìgbà tí mi ò lè kà. Wọ́n bi í ní ìbéèrè tí kò gbọ́, ó sì fi iṣẹ́ mi dáhùn. Bí mo bá ní, "Ẹ forí jì mí, wọn ò gbọ́ yín," lójú gbogbo àwọn arákùnrin rẹ̀ àti àwọn ìyàwó wọn, mo ti bọ́ aṣọ lára rẹ̀ nìyẹn.

Mo dojúbolẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ọlọ́run á jẹ́ kó ṣe é ní àṣeyọrí."

Wọ́n yìn mí. Wọ́n ní ìyàwó gidi ni mí.

Nígbà tí a délé, mo dúró níwájú rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti fèrèsé wọlé, kí ó lè rí ẹnu mi. Mo ti ro ó lójú ọ̀nà. Màá ṣàlàyé ohun tí wọ́n bi í, a ó jọ padà lọ bá àgbà náà ní kọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ á sì sọ pé òun ti fún mi tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹni tí ojú máa tì.

Mo ní, "Ẹ ò gbọ́ ohun tí bàbá bi yín."

Ó ní, "Mo gbọ́."

"Ẹ ò gbọ́. Wọ́n ní..."

"Mo wo ẹnu wọn. Wọ́n ní ṣé kí àbúrò mi gbà á. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

Mo tún bi í, bíi pé èmi ni mi ò gbọ́. Ó sọ ọ́ bákan náà.

Ó wá ní, "Kí lo fẹ́ kí n sọ? Kí n sọ pé etí ìyàwó mi ni mo fi ń ṣiṣẹ́? Kí gbogbo Ọ̀yọ́ gbọ́ pé ọ̀gá onírédíò dití?"

"Ẹ lè ní ẹ ti fún mi."

"Wọ́n á béèrè ìdí tí mo fi fún ọ."

Òótọ́ ni. Wọn ì bá béèrè. Òun náà ti ro tirẹ̀ lórí àga yẹn, ó sì rò ó dáadáa, ní ìwọ̀n ìgbà tí àgbà náà fi pa ẹnu dé. Èmi ń bo àṣírí rẹ̀, òun náà ń bo ó, àṣírí náà ló jogún ṣọ́ọ̀bù. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e kọ́, ó ní ṣé oúnjẹ wà. Mo gbé oúnjẹ fún un.

Ọkọ Kékeré ṣí ṣọ́ọ̀bù náà. Orúkọ ilé wọn ni wọ́n kọ, pupa lórí funfun. Mi ò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà ìṣílé. Mo ní ara mi kò yá. Ẹni kan kò bi mí ibi tó ń dùn mí.

Ọyẹ́ ti dé nígbà tó pè mí lórí fóònù. "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, wá bá mi dá sí i. Mọ́tò ọmọ kan ń ké, mo ti wá a títí, mi ò rí ibi tó ti ń wá." Mo ní mo ní iṣẹ́. Ó pe ọkọ mi, ọkọ mi sì gbé fóònù fún mi pé kí n bá òun gbọ́ ohun tó ń sọ. Èmi ni mo tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un, tí mo fi ẹnu mi bẹ ara mi níṣẹ́.

Ọkọ mi ní, "Lọ. Orúkọ ẹbí ni."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́. Mo bá akẹ́kọ̀ọ́ kan tó fi ẹ̀wọ̀n sọ́rùn níwájú ṣọ́ọ̀bù, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀. Mo kí wọn, mo wọ ẹ̀yìn, mo jókòó. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ tí mo fi gbọ́ ọ. Mo yíjú wo inú búùtù: wáyà dúdú tó yẹ kó kan ara irin mọ́tò, orí ọ̀dà ni wọ́n dè é mọ́. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ó yẹ kí wọ́n ha á títí irin á fi funfun, kí wọ́n tó dè é. Mo ti kọ́ Ọkọ Kékeré ní èyí.

Mo sọ ọ́ fún un wẹ́rẹ́. "Ẹ tú wáyà dúdú yẹn, sà. Ẹ ha ọ̀dà abẹ́ rẹ̀."

Ó gbá orí ara rẹ̀. "Họ́wù! Mo gbàgbé pátápátá." Ó ń wá irinṣẹ́ nígbà tí ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó jàre. A ní ibi tí à ń lọ. Ẹ ṣáà fi kún bass."

Ọkọ Kékeré ní, "Ìyàwó wa ní ó ń ké."

"Kí ló ń ké? Màmá, ẹ má bínú, ṣé wáàsí la fẹ́ gbọ́ ni? Ẹ gbé e sókè!"

Ọkọ Kékeré wò mí. Lẹ́yìn náà, ó tẹ̀ bọ inú búùtù, ó sì ṣí i. Mo wà nínú mọ́tò náà nígbà tó ṣí i. Nọ́ńbà mọ́tò ń gbọ̀n, gíláàsì ń gbọ̀n, eyín mi ń kan ara wọn. Ohùn náà ti ya gbẹrẹgẹdẹ, ó ń ya léraléra. Igbe náà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, wíììì, kò lọ síbì kan, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ mọ́ àfi ẹni tó bá mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

"Ó pa!" Àwọn ọmọ náà ń jó lójú títì. Ọmọ náà gbá Ọkọ Kékeré mọ́ra. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n! Màmá, ṣé ẹ ń gbọ́ ọ?"

Mo ní, "Mo ń gbọ́ ọ."

Mo bọ́ sílẹ̀. Èyí tó burú jù nìyẹn, ó burú ju ọjọ́ ìpàdé ẹbí lọ. Ní ọjọ́ ìpàdé, mo rò pé wọ́n gba ohun iyebíye lọ́wọ́ mi. Lójú títì yẹn, mo rí i pé kò sí ẹni tó ń wá a. Bí wọ́n bá tiẹ̀ kọ orúkọ mi gàdàgbà sára pátákó, tí mo sì bọ́ sílẹ̀ láti sọ pé, "Ó ti dáa báyìí," àwọn ọmọ wọ̀nyí á ní kí n gbé e sókè.

Ọkọ Kékeré sìn mí dé ibi tí mo ti máa wọ mọ́tò. Ó gbé báàgì mi. Ó ní, "Má bínú, ìyàwó wa. Ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn. Wúfà wọn á jóná, wọ́n á tún padà wá ra òmíràn." Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà." Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bó ṣe yẹ.

Ní Ọ̀yọ́, nígbà tó yá, ọkùnrin kan gbé mọ́tò rẹ̀ wá láti Ìlọràá. Ó ti ra wúfà àti áńpù fúnra rẹ̀, wọ́n wà nínú páálí. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé kò sí etí bíi ti ọkọ mi. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó kó irinṣẹ́ jáde. Ó ṣí búùtù, ó wá ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, ó sì wo ọ̀dọ̀ mi.

Mo ń wọn rọ́bà fún aránṣọ kan. Mo ń wọn ọ́n lọ. Ọkọ mi ṣì dúró nídìí ìlẹ̀kùn náà.

Oníbàárà ní, "Ọ̀gá, ṣé kí n ṣíná sí i?"

Mo gbé ojú sókè. Mi ò wo oníbàárà náà, ọkọ mi ni mo dojú kọ. Mo sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo la ẹnu dáadáa sí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ má bínú, sà. Wọn kì í ṣe bass níbí mọ́. Ẹ gbé e lọ sí Ogbómọ̀ṣọ́, ní Under G. Ọkọ mi kékeré wà níbẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

Oníbàárà wo ọkọ mi pé bóyá yóò já mi nírọ́. Ọkọ mi ti rí ẹnu mi. Ojú rẹ̀ wà lára mi, kò sì rẹ́rìn-ín. Ó ti ìlẹ̀kùn náà fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, ó bá ọkùnrin náà gbé páálí rẹ̀ padà sí búùtù.

A kò sọ ọ́ nílé. Iná iwájú, iná ẹ̀yìn àti fèrè mọ́tò nìkan ni ó ń ṣe báyìí. Iná rọrùn fún un, ojú ló fi ń rí i. Fèrè ni kò rọrùn. Bí ó bá so ó tán, á ní kí oníbàárà tẹ̀ ẹ́. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, á ní ó dún tàbí kò dún, ọkọ mi á sì máa wo ẹnu rẹ̀.